A Gbé Ewé Igi Rófíátù Lọ sí Norwich

Ìyá ọkọ mi ti wọ bàtà kí n tó jí. Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ mọ̀ wọ́n ní Ìwó, ẹ mọ̀ pé bí ìrìn àjò bá wà lọ́la, wọn kì í sùn. Mo bá wọn lórí àga ní pálọ̀, wọ́n ti wé ìborùn, báàgì wà lórí itan wọn, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo dá wọn dúró.

Ní oṣù keje nílùú òyìnbó níbí, òru kì í gùn rárá. Kí a tó kírun ìṣáì tán kí a sì sọ pé a fẹ́ sùn, àsùbáà ti dé. A kírun, a mu tíì, a sì jáde kúrò nínú fúláàtì wa ní Peckham nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń ti òde ijó bọ̀ ṣì ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn relé. Ṣùgbọ́n a kò lọ tààrà sí ibùdókọ̀. Màmá ní àfi kí a kọ́kọ́ dé ẹ̀yìnkùlé, kí a lọ kí igi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti igi yìí kí ẹ tó bá mi lọ síwájú. Áàṣì ni wọ́n ń pè é. Igi gíga ni, ewé rẹ̀ sì tò sí ọ̀tún àti òsì ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan bíi ti dongoyárò. Ó wà lẹ́yìn ilé alájà mẹ́rin tí kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, kọ́, tí a ń gbé. Nígbà tí mo bí Rófíátù, àkọ́bí mi, Màmá wá láti Ìwó wá bá mi tọ́jú ọmọ. Ìgbà tí ìwọ́ ọmọ já, nọ́ọ̀sì tó wá wò wá nílé ní kí n jù ú sínú ike ìdọ̀tí. Màmá kàn wò ó. Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ tán, wọ́n mú ṣíbí ńlá tí mo fi ń ro ọbẹ̀, wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀ ní ìdí áàṣì yẹn, wọ́n sì sin ìwọ́ náà síbẹ̀ bí a ṣe ń ṣe nílé, kí ọmọ lè ní ilẹ̀ tó máa pè ní tirẹ̀. Ṣíbí náà tẹ̀, mi ò sì tíì rí irú rẹ̀ rà títí dòní.

Láti ìgbà tí bàbá ọkọ mi ti di olóògbé ni Màmá ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa pátápátá. Èmi ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó ní Walworth, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ alẹ́, nítorí náà igi yẹn ló ń bá wọn gbé ọ̀sán. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbá láràárọ̀, àwọn aládùúgbò a máa wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Láti ọdún tó kọjá ni ẹ̀ka òkè ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Ewé ń rọ lọ́mọdé, èèpo ara rẹ̀ ń sán. Ọkùnrin kan wá láti kánsù, ó gbójú sókè, ó gbójú sílẹ̀, ó fi ọ̀dà pupa kọ àmì sí i lára. Ó ní àrùn tó ń pa áàṣì káàkiri ni, pé òun yóò padà wá bí ẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹn ìgbà ooru ibí, bá parí. Bí gbígbẹ bá ju tútù lọ, wọn yóò gé e kó má baà wó lu èèyàn. Màmá gbọ́ ọ̀rọ̀ gígé yẹn láìní ògbufọ̀. Wọn ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ohun tó gbé wa dìde nìyẹn. Rófíátù ti dàgbà, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àrùn igi ní Norwich, ibi iṣẹ́ ìwádìí tó wà sì fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún ẹbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ó pè mí lórí fóònù: "Mummy, ẹ mú Grandma wá, please. Kí ẹ já leaf díẹ̀ lára igi yẹn, kí ẹ fi sínú nylon, kí ẹ dì í dáadáa."

Mo fa ẹ̀ka kan tó rọ̀ sílẹ̀, mo já ewé rẹ̀. Màmá náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣa nǹkan nílẹ̀ sínú náílọ̀n tiwọn. Mi ò bèèrè. Ìyàwó tó bá ti pẹ́ nílé ọkọ mọ ohun tí kò yẹ kó bèèrè ní òwúrọ̀ kùtùkùtù.

Bọ́ọ̀sì seventy-eight la wọ̀, èyí tó ń gba orí afárá Tower Bridge lọ sí Liverpool Street. Pọ́n-ùn kan àti pẹ́ńsì márùndínlọ́gọ́rin lówó tèmi, Màmá fi káàdì àgbà tiwọn kàn án, wọn ò san kọ́bọ̀. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni dírẹ́bà. Ó rí ìborùn Màmá, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ rọra jókòó, mi ò tíì gbéra." Ó sì dúró títí wọ́n fi jókòó, ohun tí ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ibí kì í ṣe.

"Ibo lẹ̀ ń lọ báyìí, mà, tí ilẹ̀ ò tíì mọ́?"

"Ilé ìwòsàn igi," ni Màmá dá a lóhùn.

Ó wò mí nínú dígí bóyá àwàdà ni. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ bá mi bi wọ́n, mà," ó ní, "bóyá wọ́n ń wo ẹ̀yìn ríro níbẹ̀ náà." Màmá gbàdúrà fún ẹ̀yìn rẹ̀ títí a fi dé orí afárá.

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ rélùweè nílùú yìí, ẹ ó rò pé ilé òkú lẹ wọ̀. Kò sẹ́ni tó ń kí ẹnikẹ́ni. Olúkúlùkù gbójú lé fóònù, wọ́n ki nǹkan bọ etí. Màmá kò gbà. Bí wọ́n ṣe ń kọjá láàárín àga ni wọ́n ń sọ "Good morning" lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwọn èèyàn ń ta gìrì. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú kó má baà wọ́n jù, síbẹ̀ owó rẹ̀ dùn mí. Tíì inú ọkọ̀ náà lé ní pọ́n-ùn méjì, omi gbígbóná lásán. Màmá ní kí n má ṣe rà á mọ́ láyé mi. Wọ́n tú mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fi ewé gidi sè, èyí tí wọ́n rà ní Rye Lane, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ọkọ̀. Ojú tì mí. Wọ́n bù kan fún ọmọ òyìnbó tó jókòó kọjú sí wa, kó tó mọ bó ṣe máa sọ pé rárá, ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì bi mí kí ni wọ́n ń fi sí i.

Lẹ́yìn tí a kọjá àwọn ilé, ilẹ̀ wá tẹ́ pẹrẹsẹ, oko àlìkámà lọ títí tí ojú kò fi lè rí òpin rẹ̀. Kò sí ẹbè, kò sí òkìtì ewùrà, kò sí èèyàn kankan nínú oko náà. Màmá ní ta ló ń roko yìí. Mo ní ẹ̀rọ ni. Nígbà tó yá, wọ́n sún mọ́ fèrèsé. Mo wo ibi tí wọ́n ń wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, igi áàṣì tò lọ rẹrẹ, orí wọn pá, ẹ̀ka wọn funfun bí egungun.

"Kì í ṣe tiwa nìkan nígbà náà," ni Màmá sọ. Ọwọ́ wọn ti dúró lórí tẹ̀sùbáà.

Rófíátù wá pàdé wa ní ibùdókọ̀ Norwich. Ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo èrò, inú mi sì dùn, nítorí mo ti ń bẹ̀rù pé yunifásítì ti gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Màmá kì í pè é ní Rófíátù. Àbẹ̀ní ni oríkì tí wọ́n sọ ọ́, òun náà ni wọ́n ń pè é. "Àbẹ̀ní, o ti rù," ni wọ́n sọ. Kò rù.

Kí a tó wọ ọgbà ibi ìwádìí náà, wọ́n gbé àwo omi oògùn kan sílẹ̀, wọ́n ní kí oníkálùkù fi búrọ́ọ̀ṣì fọ abẹ́ bàtà rẹ̀, kí àrùn má baà bá ẹsẹ̀ wọlé. Bí a bá ń jáde, a óò tún fọ̀ ọ́. Màmá fọ tiwọn lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́ta, ọ̀tún ṣáájú òsì, bí ẹni tó ń ṣe àlùwàlá. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ àwo náà ní òun kò tíì rí ẹni tó fọ̀ ọ́ tó báyẹn rí.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Dókítà Rúùtù ló jẹ́ ọ̀gá Rófíátù. Kò ga, irun rẹ̀ ti funfun, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní kí Rófíátù fúnra rẹ̀ ṣàlàyé fún ìyá àgbà rẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀: "Grandma, àrùn yìí, olú ni. Like mushroom, ṣùgbọ́n ó kéré gan-an. Wọ́n ní genes, à ń ka àwọn genes yẹn." Ibẹ̀ ni Yorùbá rẹ̀ ti há. Èmi ni mo ń bá a fi tèmi dí i títí ọ̀rọ̀ fi yé Màmá, ó sì yé èmi náà.

Ohun tí mo gbọ́ nìyí. Gbogbo ohun tó ní ẹ̀mí ló ní jíìnì, ìyẹn àṣẹ tí wọ́n jogún nínú ara. Òun ló ní kí imú Rófíátù jọ ti bàbá rẹ̀, òun náà ló ń sọ fún olú ohun tó máa ṣe. Olú pọ̀ nínú igbó, púpọ̀ nínú wọn kò sì ṣe igi ní nǹkan kan, èyí tó ti kú ni wọ́n ń jẹ. Ṣùgbọ́n èyí tó ń pa igi ní àwọn jíìnì kan tó fi ń jà. Òmíràn ń jẹ́ kó pèsè omi tó ń yọ́ ara ewé, kó lè rí ọ̀nà wọlé. Òmíràn ń jẹ́ kó ṣe nǹkan kan tó ń tan ẹ̀ṣọ́ inú ara igi jẹ, tí igi kò fi ní mọ̀ pé ohun kan ti wọ òun lára. Iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ni láti fi jíìnì èyí tó ń pa igi wé ti èyí tí kò ṣe é ní nǹkan, kí wọ́n lè mọ èwo gan-an ni ohun ìjà.

"Bí olè tó ju ẹran olóògùn oorun sí ajá," ni Màmá sọ.

Mo sọ ọ́ fún Dókítà Rúùtù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun máa fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun.

Ó tún ní olú yìí kì í ṣe ti ibí, ìlà oòrùn Éṣíà ló ti wá. Nílé rẹ̀, ó ń gbé lórí ewé áàṣì ibẹ̀ kò sì pa á, wọ́n ti mọ ara wọn tipẹ́. Áàṣì ti ibí ni kò mọ̀ ọ́n rí. Mo gbójú sókè wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lè má mọ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àlejò tó ń ba nǹkan jẹ́ nílùú yìí, etí àwa máa ń nà. Bóyá Dókítà Rúùtù rí ojú mi. Ó ní olú náà kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, ó jọ pé àwọn tó ń ta igi ló gbé e kiri.

Ìgbà náà ni Màmá gbé náílọ̀n tiwọn kalẹ̀. Ọ̀pá ewé ọdún tó kọjá ló kún inú rẹ̀, dúdú, ó gbẹ. Rófíátù fi ọ̀kan sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó ní kí Màmá kọ́kọ́ wò. Wọ́n wò ó pẹ́. "Ó mà lẹ́wà," ni wọ́n wí. Èmi náà wò ó: olú náà ló hù sára ọ̀pá náà bí agbòòrùn funfun kéékèèké.

Dókítà Rúùtù bèèrè ibi tí a ti ṣà á.

"Sọ fún un pé èmi ni," ni Màmá sọ, orí wọn wú. "Sọ fún un pé láti ìgbà tí igi ti ń ṣàìsàn ni mo ti ń gbá gbogbo ewé tó bọ́, tí mo ń kó o jọ sí ìdí rẹ̀, tí mo ń wọ́n omi sí i kí ewé lè jẹrà, kí igi rí oúnjẹ jẹ. Bí a ṣe ń da pàǹtí sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílé."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Rófíátù, tí kò tíì wálé láti ìgbà tí òkìtì yẹn ti bẹ̀rẹ̀, fi ọwọ́ bo ẹnu. Dókítà Rúùtù rọra sọ ọ́, kò fi pa mọ́: inú ọ̀pá ewé yẹn gan-an ni olú náà ń sùn sí nígbà òtútù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ó máa hù, ó máa tú ohun tó dà bí ìyẹ̀fun sí afẹ́fẹ́, ìyẹn ló ń bà lé ewé tuntun. Òkìtì tó tutù ní ìdí igi, ibùsùn rẹ̀ ni. Ó sì tún lè gba ìdí wọ inú igi náà.

Màmá ń wò mí, wọ́n ń dúró de èsì. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú yín tó máa wo ìyá ọkọ rẹ̀ lójú sọ ìyẹn? Mo ní, "Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Wọ́n ní láti ìsinsìnyí lọ kí ẹ máa kó o sínú báàgì."

"Mummy," ni Rófíátù wí, "that's not what she said."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyá àgbà rẹ̀, ó di ọwọ́ wọn mú. "Grandma, olú yẹn ń sùn nínú ewé tí ẹ kó jọ. Tó bá jí, ó ń lọ sórí igi."

"Èmi ni mo ń bọ́ ọ?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ mú un wá. Breeze ń gbé e wá láti ibi tó jìn. Ṣùgbọ́n òkìtì yẹn ń ràn án lọ́wọ́."

Màmá tún ẹnu náílọ̀n wọn dì. Àánú wọn ṣe mí débi pé mo fẹ́ bá ọmọ mi jà, bẹ́ẹ̀ òtítọ́ ló sọ.

Wọ́n mú wa lọ sí oko kan lẹ́yìn ilé, níbi tí wọ́n gbin áàṣì kéékèèké sí. Púpọ̀ ti kú, ó dúró bí igi ìdáná. Ṣùgbọ́n níhìn-ín lọ́hùn-ún, a rí èyí tó tutù yọ̀yọ̀ láàárín òkú. Rófíátù ní àwọn yẹn jogún jíìnì tó lágbára, pé ẹ̀ṣọ́ inú wọn kì í sùn bọ̀rọ̀, àti pé irúgbìn wọn ni wọ́n fẹ́ fi gbin igbó tuntun. Dókítà Rúùtù wá sọ̀rọ̀ igi tiwa. Ó ní bí igi kan bá ní irú òkìtì bẹ́ẹ̀ nídìí tí ìdajì rẹ̀ ṣì tutù, ó yẹ kí a ka jíìnì rẹ̀. Ó gba ewé tí mo já. Ó ní yóò pẹ́ díẹ̀, òun kò sì ṣèlérí. Rófíátù ní òun fúnra òun máa pe ọkùnrin kánsù. A kírun àìlà lórí koríko, a fọ bàtà wa, a sì dágbére.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà, Màmá kò kí ẹnikẹ́ni. Mo fún wọn ní mọ́ínmọ́ín tó kù, wọ́n ní ó ti tó. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Colchester, ní nǹkan bí agbedeméjì ọ̀nà, kí wọ́n tó lanu.

"Ìyá Rófíátù."

"Mà."

"Ìwọ́ ọmọ yẹn tí mo sin síbẹ̀. Ṣé òun náà ṣe é níbi?"

Kí n sọ tòótọ́, ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Àṣé ohun tí wọ́n ń rò bọ̀ láti Norwich nìyẹn. Ó wà lẹ́nu mi láti ní rárá, ṣùgbọ́n mo ti tan wọ́n jẹ lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ náà, wọn ò sì ní gbà mí gbọ́. Mo pe Rófíátù, mo ṣí ohùn fóònù sókè láàárín àwọn èèyàn tó dákẹ́ lọ gbári yẹn, mo sì bi í léèrè.

"Rárá, Grandma," ni ohùn rẹ̀ jáde. "Rárá o. Kò ṣe é ní nǹkan kan." Ó tún ní, "Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń bi mí níbí, where are you really from? Igi yẹn ni mo máa ń rántí. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí."

Màmá dá fóònù padà fún mi. Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú. "Yorùbá rẹ̀ ti ń dáa sí i," ni wọ́n wí, wọ́n sì ní kí n mú mọ́ínmọ́ín náà wá.

Oòrùn ṣì wà nígbà tí a dé Peckham. Mo ń fẹ́ ilé, ẹsẹ̀ ń ro mí, ṣùgbọ́n Màmá kò gun àtẹ̀gùn. "Lọ mú báàgì dúdú wá," ni wọ́n sọ, "èyí tó nípọn." A kó òkìtì náà tán pátápátá, ọ̀pá kan kò kù, a dì í pinpin, a gbé e lọ sínú ike ìdọ̀tí ńlá. Ìdí igi náà hàn gbangba, ilẹ̀ dúdú, ó mọ́. Màmá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara igi, ní ìsàlẹ̀ ọ̀dà pupa yẹn.

"Má bínú," ni wọ́n sọ fún un. "Mo rò pé ebi ló ń pa ọ́ ni."

Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí mi.

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi kò pọ̀. Ó kọ́ mi pé èèyàn lè fẹ́ràn nǹkan kó sì máa bọ́ àrùn rẹ̀ láìmọ̀, àti pé ẹni tó bá sọ ọ́ fún un kò bú u. Bí mo ṣe ń kọ èyí sí yín, ewé ti ń pọ́n lórí igi, ọkùnrin kánsù sì ti padà wá. Ó yí igi náà po, ó wo òkè pẹ́, ó wo ìdí rẹ̀ tó mọ́, ó sọ̀rọ̀. Màmá kọjú sí mi, wọ́n ní kí ni ó wí.

Lọ́tẹ̀ yìí mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ láìyọ nǹkan kan. Mo ní, "Ó ní tútù ṣì ju gbígbẹ lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló fi jù ú. Ó ní wọn yóò gé àwọn ẹ̀ka tó ti kú lókè. Ó ní òun gbọ́ ohun tí Rófíátù sọ lórí fóònù, pé wọ́n ṣì ń ka jíìnì rẹ̀, òun yóò fi í sílẹ̀ títí di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà òun yóò tún wá wò ó. Ó ní òun kò ṣèlérí pé kò ní kú, Màmá."

Wọ́n ronú sí i. "Ó dáa," ni wọ́n wí. "Ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀."

Wọ́n gbé ìgbálẹ̀ wọn, wọ́n sì ní kí n ya ẹnu báàgì fún wọn.